Ẹ Ṣọ́ra fún Abẹ́rẹ́ Agbára: Ó Lè Mú Ẹ̀jẹ̀ Yín Ru

A ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ rí nípa ẹ̀jẹ̀ ríru ní ojú ìwé yìí. Ẹ ti gbọ́ nípa iyọ̀, ẹ ti gbọ́ nípa ọtí, ẹ sì ti gbọ́ nípa sìgá àti àìsùn dáadáa. Lónìí, ohun mìíràn tí ń mú ẹ̀jẹ̀ ru ni mo fẹ́ bá yín sọ, èyí tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin fi pamọ́, tí aya wọn kò mọ̀, tí nọ́ọ̀sì wọn pàápàá kò sì mọ̀. Ohun náà ni abẹ́rẹ́ agbára ọkùnrin, èyí tí orúkọ oògùn inú rẹ̀ ń jẹ́ testosterone.

Kí n tó là á yé yín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi.

Awakọ̀ kan wà tí ó máa ń wá sí dìsípẹ́ńsárì wa kí a lè wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Fún bí ọdún méjì ni ó fi ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà kọ fún un, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì wà ní ìwọ̀n, 130 lórí 84, tàbí kí ó dín díẹ̀. Èmi pàápàá a máa fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn mìíràn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo wọ̀n ọ́n, mo bá 168 lórí 102. Mo tún un wọ̀n, bákan náà ni. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò lo oògùn yín mọ́.” Ó ní, “Mo ń lò ó o, Nọ́ọ̀sì, ojoojúmọ́ ni.” N kò gbà. Mo bá a wí níwájú àwọn tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ní bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá dá a wó, kí ó má ṣe sọ pé a kò kìlọ̀. Ọkùnrin náà wolẹ̀, kò fèsì.

Ní oṣù kejì, iye náà kò sọ̀ kalẹ̀. Dókítà fi oògùn mìíràn kún ti àkọ́kọ́, síbẹ̀ kò sọ̀. Nígbà tí ó yá, ìyàwó rẹ̀ bá a wá. Ó kó páálí oògùn dání, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ kà á fúnra yín. Èmi ni mo ń fún wọn láràárọ̀.” Mo kà á. Kò sí ẹyọ kan tí ó ṣẹ́kù ju iye tí ó yẹ lọ. Ojú tì mí. Ìgbà náà ni mo tó wo ọkùnrin náà dáadáa: ìrorẹ́ ti yọ kún èjìká àti ẹ̀yìn rẹ̀ bí ti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú díẹ̀. Mo bẹ ìyàwó rẹ̀ kí ó dúró dè wá níta. Mo ti ilẹ̀kùn, mo rẹ ohùn mi sílẹ̀, mo sì bi í ní ìbéèrè tí ó yẹ kí n ti bi í láti ọjọ́ kìn-ín-ní: “Ẹ̀gbọ́n, kí ni ẹ tún ń lò yàtọ̀ sí èyí tí dókítà kọ?”

Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn. Ó ní ó ti tó ọdún kan tí ara òun kò ti dá òun lóhùn mọ́ bí òun bá wà pẹ̀lú aya òun, àti pé òun rò pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fà á. Ó ní ẹnìkan tí ń ta oògùn ní gáréèjì ni ó ń gún òun ní abẹ́rẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì ti di oṣù márùn-ún. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún ìyàwó mi.” N kò sọ. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé mo ti bá a wí láìṣẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ èyí.

Kí ni testosterone? Kì í ṣe àjèjì nínú ara wa. Kórópọ̀n ọkùnrin ni ó ń ṣe púpọ̀ jù nínú rẹ̀. Òun ni ó ń mú kí ohùn ọmọkùnrin nípọn, kí irùngbọ̀n hù, kí ẹran ara le, kí ọkàn rẹ̀ sì máa fà sí obìnrin. Àwọn obìnrin náà ní díẹ̀ lára. Ní ọdún 1935, àwọn onímọ̀ kan ní ìlú Amsterdam rí i yọ láti inú kórópọ̀n akọ màlúù. Ní ọdún kan náà, Adolf Butenandt àti Leopold Ruzicka wá ọ̀nà tí a fi lè ṣe é ní ilé ìwádìí, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì fún ní ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1939. Láti ìgbà náà wá ni ó ti di oògùn: abẹ́rẹ́, kápúsù, àti èyí tí a ń fi pa ara.

Oògùn rere ni fún ẹni tí ó tọ́ sí. Ọkùnrin wà tí àìsàn, tàbí iṣẹ́ abẹ, tàbí bí a ti bí i, kò jẹ́ kí ara rẹ̀ lè ṣe tirẹ̀ tó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń rí ìrànlọ́wọ́ ńlá gbà nínú rẹ̀, lábẹ́ ojú dókítà. Kì í ṣe òun ni mo ń bá wí.

Báwo ni ó ṣe ń mú ẹ̀jẹ̀ ru? Ọ̀nà mẹ́ta ni kí ẹ fi sọ́kàn. Èkínní, ó máa ń mú kí kídìnrín dá iyọ̀ àti omi dúró sínú ara. Bí omi bá pọ̀ jù nínú rọ́bà tí a fi ń bomi rin oko, rọ́bà náà a le gbọnrangandan. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ń rí. Èkejì, ó máa ń mú kí ara ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa ju bí ó ti yẹ lọ, tí ẹ̀jẹ̀ á sì ki bí ẹ̀kọ tí omi kò tó. Ọkàn yóò wá máa fi ipá tì í, ẹ̀jẹ̀ tí ó ki bẹ́ẹ̀ sì lè dì mọ́ iṣan. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi máa ń wo PCV ẹni tí ń lò ó. Bí ó bá ti kọjá 54 nínú 100, wọn a dá oògùn náà dúró. Ẹ̀kẹta, ó lè mú kí híhanrun burú sí i lára ẹni tí èémí rẹ̀ máa ń dá dúró lójú oorun, ìyẹn náà sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ru.

Nígbà tí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ apá àwọn ọkùnrin tí ń lo kápúsù testosterone kan tí ń jẹ́ Jatenzo, kí ó lè máa wọn ẹ̀jẹ̀ wọn tọ̀sán-tòru, wọ́n rí i pé nọ́ńbà òkè fi bíi 5 gòkè láàárín oṣù mẹ́rin. Ẹ lè ní, “Kí ni 5 jẹ́?” Ẹni tí ó wà ní 138 tẹ́lẹ̀, 5 á gbé e kọjá 140, níbi tí a ti ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ sì rántí pé ìwọ̀n tí dókítà fún wọn ni àwọn wọ̀nyí ń lò. Ta ni ó mọ ìwọ̀n tí wọ́n ń gún ní gáréèjì? Ní oṣù kejì ọdún 2025, àjọ FDA tí ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí gbogbo oògùn testosterone tí kò tíì ní ìkìlọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Láti ọdún 2015 ni àjọ kan náà ti sọ ọ́ kedere pé a kò fọwọ́ sí i fún ọkùnrin tí ọjọ́ orí nìkan ń ṣe.

N kò fẹ́ fi irọ́ dẹ́rù bà yín. Ìwádìí ńlá kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2023, lórí ọkùnrin tí ó lé ní 5,000 tí testosterone wọn kéré, fi hàn pé àìsàn ọkàn ńlá àti rọpárọsẹ̀ kò pọ̀ sí i láàárín àwọn tí ó lò ó ju àwọn tí wọ́n fún ní oògùn àfiṣebí lọ. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ń ṣọ́ àwọn wọ̀nyẹn lójú méjèèjì. Síbẹ̀síbẹ̀, kí ọkàn máa lù ségesège, kí ẹ̀jẹ̀ dídì wọ ẹ̀dọ̀fóró, àti kí kídìnrín ṣàìsàn lójijì, pọ̀ díẹ̀ sí i láàárín wọn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí a ń ṣọ́, kí ni ẹni tí kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ yóò wí?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù nìyí. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó lọ sí nǹkan ọkùnrin kéré púpọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ bá ń ba iṣan ara jẹ́, ibẹ̀ lè kọ́kọ́ fi hàn, kí ọkàn tó mọ̀ ọ́n lára. Nítorí náà, àìlágbára yẹn lè jẹ́ agogo tí ara ń lù láti kìlọ̀. Ẹni tí ó gbọ́ agogo náà, tí ó wá lọ gba abẹ́rẹ́ tí ń mú ẹ̀jẹ̀ ru, epo ni ó ń bù sí iná. Bí testosterone rẹ̀ kò bá sì kéré tẹ́lẹ̀, abẹ́rẹ́ náà lè má ṣe é ní oore kankan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbé irin ní jíìmù, ẹ gbọ́ tèmi pẹ̀lú. Àwọn kan nínú yín ń lo ìlọ́po púpọ̀ ìwọ̀n tí dókítà máa ń kọ, kí apá lè tóbi kíákíá. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Apá tóbi, ọkàn inú lọ́hùn-ún náà sì ń nípọn lọ́nà tí kò dára. Ẹni tí ó sì ń wá ọmọ, kí ó mọ̀ pé bí oògùn yìí bá ti ń ti ìta wọlé, ọpọlọ kì í rán kórópọ̀n ní iṣẹ́ mọ́, àtọ̀ a sì di aláìlọ́mọ nínú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dán abẹ́rẹ́ rẹ̀ wò rí gẹ́gẹ́ bí ohun ìfètòsọ́mọbíbí fún ọkùnrin, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1990.

Kí ni kí a wá ṣe?

1. Ẹ má ṣe gba abẹ́rẹ́ agbára láìjẹ́ pé dókítà ti yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Àárọ̀ ni a ń fa ẹ̀jẹ̀ náà, ó kéré tán ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a tó lè sọ pé testosterone kéré.

2. Kí a wọn ẹ̀jẹ̀ yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí a tún máa wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni. Ẹ̀rọ ni ó ń tú u fó.

3. Bí ẹ bá ti ń lò ó ní ìkọ̀kọ̀, ẹ sọ fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yín. Ẹ má ṣe fi ìtìjú pa ara yín. Dókítà ni kí ó sọ bí ẹ ó ṣe dáwọ́ dúró, nítorí kórópọ̀n tí ó ti sùn kì í tètè jí.

4. Bí ẹ bá rò pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ń dín agbára yín kù, ẹ má ṣe jù ú nù. Òótọ́ ni pé àwọn kan nínú wọn lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ọ́, dókítà lè fi òmíràn rọ́pò.

5. Bí ẹ bá fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tọ̀, kí ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ yín balẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ obì, ẹ má ṣe mu kọfí tàbí sìgá ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ó ṣáájú rẹ̀.

6. Bí àyà bá ń dunni, bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá kú tipiri, bí èémí bá ń há, tàbí bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú tí ó sì ń dunni, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Ní ti awakọ̀ wa, mo kọ ìwé fún un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n dá abẹ́rẹ́ náà dúró, wọ́n pààrọ̀ ọ̀kan nínú oògùn rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n bá àtọ̀gbẹ tí òun kò mọ̀ pé ó wà lára òun. Ìyẹn gan-an ni ó ń dà á láàmú láti ọjọ́ yìí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, mo wọ̀n ọ́n, mo bá 134 lórí 86. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ó ní obìnrin náà kò bínú, ó kàn wò ó títí, ó ní, “Ta ní sọ fún yín pé mo fẹ́ agbára ju ẹ̀mí yín lọ?”

Láti ìgbà náà, bí ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan bá ṣàdédé gòkè ní dìsípẹ́ńsárì wa, n kì í bá a wí mọ́. Mo máa ń ti ilẹ̀kùn, mo sì máa ń bi í léèrè. Ẹ̀yin náà, bí wọ́n kò bá bi yín, ẹ sọ ọ́. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.