Mànàmáná Láàárín Ẹ̀kán Omi

Ìròyìn tó ti Yunifásítì Stanford wá ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2025, pé mànàmáná inú omi tó ta sókè lásán lè ti pèsè àwọn èròjà ìwàláàyè nígbà ìwáṣẹ̀, ti dé etígbọ̀ọ́ tẹrú tọmọ. Ṣùgbọ́n mànàmáná tí wọ́n ń sọ kì í ṣe ti Ṣàngó Olúkòso, ọkọ Ọya, tí àwa ará Ìtamágà ń rí lójú ọ̀run Ìkòròdú nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ṣú. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò fi lè rí i.

Láti ọdún 1953 ni mànàmáná ti wọ ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí Stanley Miller, akẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ Harold Urey ní Yunifásítì Chicago, kó methane, ammonia, hydrogen àti ooru omi sínú ìgò, tó ń ta iná bíi mànàmáná sí i títí omi rẹ̀ fi pọ́n, tí wọ́n sì bá amino acid, ọ̀kan lára èròjà ìwàláàyè, níbẹ̀. Àwọn alátakò ní àrá kì í fi bẹ́ẹ̀ sán lójú òkun, àti pé ohun tó bá mú jáde yóò fọ́nká sínú alagbalúgbú omi.

Níbẹ̀ ni Richard Zare ti Stanford àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bọ́ sí i. Bí ìgbì bá kọlu àpáta, omi a fọ́ wẹ́wẹ́. Ẹ̀kán ńlá a gbé iná pọ́sítíìfù, kékeré a gbé nẹ́gétíìfù, bí méjèèjì bá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, iná a ṣẹ́ fìrí. Wọ́n fọ́n omi sínú nitrogen, methane, carbon dioxide àti ammonia, láìso wáyà kankan mọ́ ọn, wọ́n sì rí hydrogen cyanide, glycine, àti uracil tó wà lára RNA. Àrá ní àsìkò. Ìgbì tó ń lu èbúté Ẹ̀pẹ́ kì í sinmi, irú rẹ̀ kò sì sinmi láti ìgbà tí òkun ti wà. Èyí ni mo kà sí iyebíye nínú àwárí náà.

Wọn kò dá ẹ̀dá alààyè kankan o: ata, epo àti iyọ̀ orí àtẹ kì í ṣe ọbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Methane àti ammonia tí Miller lò ni Zare náà tún lò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé carbon dioxide àti nitrogen ló borí nínú afẹ́fẹ́ ìgbà náà. Lójú tèmi, wọ́n ti wá ibi tí iná ti ṣẹ́ rí, ṣùgbọ́n ibi tí gáàsì ti wá ṣì wà nílẹ̀. Èmi kò sì ní yọ òkúta òfuurufú kúrò lára ohun tó lè ti pèsè èròjà wọ̀nyí, nítorí amino acid 14 nínú 20 tí ara wa ń lò ni wọ́n bá nínú erùpẹ̀ tí wọ́n bù wá láti Bennu, ọ̀kan lára irú òkúta bẹ́ẹ̀.