Mọ́nítọ̀ Ẹlẹ́yìn-ńlá tàbí Pẹlẹbẹ: Èwo ni Ó Yẹ Ilé-ẹ̀kọ́?

Láti ọdún 2008 ni ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ti wà nínú Ìlànà Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́sàn-án ní Nàìjíríà. Nítorí náà, olùkọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde lè bá ara rẹ̀ níbi tí yóò ti yan mọ́nítọ̀, èyí tí í ṣe ojú kọ̀ǹpútà, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Oríṣi méjì ni ó wà. Nínú ẹlẹ́yìn-ńlá àtijọ́, ìgò ńlá tí a fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde ni ó ń gbé àwòrán yọ. Tòkunbọ̀ tàbí ẹ̀bùn ni a sábà máa ń rí i gbà. Èkejì ni pẹlẹbẹ, tí iná kékeré ń tàn lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹlẹ́yìn-ńlá lè dín lówó, ṣùgbọ́n ó ń jẹ iná. Ọ̀kan lè gba nǹkan bíi wáàtì 70, nígbà tí pẹlẹbẹ onínà LED ń gba bíi 20. Mẹ́wàá ẹlẹ́yìn-ńlá yóò gba 700, mẹ́wàá pẹlẹbẹ yóò gba 200. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ń gbé wáàtì 650 kò lè gbé ti àkọ́kọ́, kí a má tilẹ̀ tíì ka àpótí kọ̀ǹpútà mọ́ ọn.

Pẹ̀lúpẹ̀lù, òjé wà nínú gíláàsì ẹlẹ́yìn-ńlá, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Bí ó bá bàjẹ́, a kò gbọdọ̀ fọ́ ọ tàbí sun ún ní ààtàn ilé-ẹ̀kọ́.

Ní àkótán, kí olùkọ́ tó gba mọ́nítọ̀, ọ̀fẹ́ ni tàbí títà, kí ó ṣírò epo tí yóò jẹ àti ibi tí yóò kú sí.