Dídín Kílíńkà Kù Nínú Sìmẹ́ǹtì

Ní Ìgbàyè, bí ó ti rí ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, ògiri búlọ́ọ̀kù ti ń gba ipò ògiri amọ̀. Sìmẹ́ǹtì ni ó ń so yanrìn pọ̀ di búlọ́ọ̀kù. Bí òkúta wẹ́wẹ́ bá kún sìmẹ́ǹtì, yanrìn àti omi, àpòpọ̀ náà di kọnkéré.

Òkúta ẹfun ni ìpìlẹ̀ sìmẹ́ǹtì. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń wà ní Ewékorò, níbi tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1960. Wọ́n ń lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ amọ̀, wọ́n sì ń sun ún nínú ìléru tí ooru rẹ̀ tó dígírì 1,450 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Kóró líle tí ó ń jáde ni kílíńkà. Òun ni wọ́n ń lọ̀ kúnná di sìmẹ́ǹtì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn lérò pé iná ìléru nìkan ni ó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá sun kílógíráàmù 100 ojúlówó òkúta ẹfun, 56 péré ni yóò kù. 44 yòókù yóò fò lọ ní kábọ́ọ̀nù dàọ́ksáìdì, gáàsì tí ń há ooru mọ́ ayé. Ti inú òkúta yìí ju ti inú iná lọ. Nítorí náà, yíyí ohun ìdáná padà nìkan kò tó. Kílíńkà gan-an ni ó yẹ kí ó dín kù.

Bí sìmẹ́ǹtì bá pàdé omi, ẹfun díẹ̀ máa ń ṣẹ́ kù tí kò rí iṣẹ́ ṣe. Sílíkà inú eérú kan lè dì mọ́ ẹfun yìí, kí àwọn méjèèjì sì di ohun líle. Àwọn ará Róòmù ti fi eérú òkè oníná ṣe irú rẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbàá ọdún sẹ́yìn. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ìwádìí ti wáyé lórí eérú ṣùkù àgbàdo. Èèpo ìrẹsì náà ní sílíkà púpọ̀. Amọ̀ funfun tí a sun dé nǹkan bí dígírì 800 tún wúlò, nítorí oruku omi ni ó ń jáde lára rẹ̀, kì í ṣe kábọ́ọ̀nù.

Ṣùgbọ́n eérú inú ààrò ìdáná kọ́ ni èyí. Èédú tí ó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ ń ba kọnkéré jẹ́. Eérú tí a fi ooru tí a díwọ̀n sun, tí a sì lọ̀ kúnná, ni ó yẹ. Kọnkéré rẹ̀ kì í tètè le, omi wíwọ́n sí i gbọ́dọ̀ pẹ́. Títí àyẹ̀wò yóò fi jẹ́rìí agbára rẹ̀, kí ó má ṣe dé ara òpó tàbí dẹ́kìn. Ilé tí ó bá wó kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni.