Kì Í Ṣe Gbogbo Ibi Tí Igi Wà Ni Igbó

Nígbà ìsinmi tó kọjá, ẹbí wa ní kí n bá àwọn kọ ìwé lórí ilẹ̀ wa kan, nítorí ẹnìkan fẹ́ rà lára rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé, "igbó tó wà létí odò." Bí mo ṣe kà á sí ìyá àgbà létí, wọ́n ní kí n dúró ná.

"Ta ló sọ fún ọ pé igbó ni? Oko bàbá rẹ àgbà ni. Ilẹ̀ ń sinmi ni."

Mo rẹ́rìn-ín, nítorí igi ti bo gbogbo ibẹ̀. Wọn kò bá mi rẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní yunifásítì! Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a jọ yẹ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò.

Igbó ni ọ̀rọ̀ tó gbòòrò jù: ibi tí igi pọ̀ sí, tó hù fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Ọ̀rọ̀ náà wọ́pọ̀ lẹ́nu wa débi pé ewé tí àwọn kan ń fà bíi sìgá náà ń jẹ́ igbó.

Ẹgàn ni igbó kìjikìji tí àdá kò tíì kàn rí. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀ fi ń ya oko etílé sọ́tọ̀ sí oko ẹgàn. A lè lọ sí oko etílé láàárọ̀ ká padà nírọ̀lẹ́. Oko ẹgàn jìnnà, a máa ń sùn síbẹ̀ ni. Ẹ ṣọ́ ohùn o: ẹgàn kì í ṣe ẹ̀gàn.

Aginjù jìnnà sí ènìyàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdẹ tó bá ń lọ síbẹ̀ á múra dáadáa. Ṣùgbọ́n Bíbélì Yorùbá lo aginjù fún ilẹ̀ gbígbẹ tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì rìn kọjá, níbi tí igi kò pọ̀. Láti ìgbà náà, bí ọ̀pọ̀ wa bá gbọ́ aginjù, iyanrìn là ń rò. Ilẹ̀ oníyanrìn, aṣálẹ̀ ló ń jẹ́.

Ní ọ̀dàn, koríko ló pọ̀ ju igi lọ. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Ọ̀yọ́ Ilé wà, ìyẹn sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹṣin wúlò fún ogun wọn. Ẹṣin kò lè sáré nínú igbó kìjikìji. Ẹ má ṣì í pè ní ọdán, igi tí a ń gbìn fún ibòòji.

Igbó mìíràn wà tó jẹ́ ti òrìṣà: igbó Orò, igbódù, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo tí UNESCO kọ sára ogún àgbáyé ní 2005. Níbí, igbó ju igi lọ. Ó túmọ̀ sí ibi tí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń wọ̀ ọ́. Ní Cuba, àwọn olórìṣà ń pe yàrá tí wọ́n ti ń ṣe ìgbawọlé ní igbodú, bó tilẹ̀ jẹ́ inú ilé ni. Igi ti lọ, èèwọ̀ ṣì kù.

Oko wá ńkọ́? Ọwọ́ ènìyàn ló ń sọ ilẹ̀ di oko. Bí a bá dá oko fún ọdún mélòó kan, a ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ kó sinmi, igi á sì hù bò ó. Ní àṣà wa, ẹni tó kọ́kọ́ ṣán ibì kan àti ìran rẹ̀ ló ni ibẹ̀. Tí mo bá wá kọ "igbó" sínú ìwé, ohun tí mo sọ ni pé ẹnikẹ́ni kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Ẹni tó bá ka ìwé náà lógún ọdún sí i lè béèrè pé: ta ló ni ín?

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà mú mi lọ síbẹ̀. Wọ́n fi igi obì tí bàbá àgbà gbìn hàn mí, àti pèrègún tó wà ní ààlà. Mo pa "igbó" rẹ́, mo kọ "oko tó ń sinmi, láti ìdí pèrègún dé etí odò."

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin àgbà wa tó ti jáde, bí ẹ bá délé, ẹ bi àwọn àgbà léèrè ohun tí ilẹ̀ yín ń jẹ́ kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀.