Mẹ́mórì Káàdì: Alárù Ni, Kì í Ṣe Àká

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ń lo mẹ́mórì káàdì nínú kámẹ́rà àti fóònù lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ irú ohun tí ó jẹ́ kò pọ̀. Àìmọ̀ yìí a sì máa gba ohun tí owó kò lè rà padà lọ́wọ́ ẹni. Ìsìnkú òbí tàbí ìkómọjáde kì í ṣe ohun tí a lè tún ṣe nítorí pé àwòrán rẹ̀ sọnù. Nítorí náà ni a ṣe rí i pé ó yẹ kí a ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ náà fún àwọn òǹkàwé wa.

BÍ Ó TI BẸ̀RẸ̀

Ní ayé fíìmù, ayàwòrán a máa tọ́jú fíìmù tí ó ti fọ̀ sínú àpótí. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ènìyàn lè padà tọ̀ ọ́ lọ pé kí ó tún àwòrán tẹ̀ fún òun. Nígbà tí kámẹ́rà tí kì í lo fíìmù dé, káàdì ni ó gba ipò fíìmù. Ní 1994, ilé iṣẹ́ SanDisk mú CompactFlash jáde, tí ó fẹ̀ tó ojú páálí ìṣáná. Ní 1999, SanDisk, Toshiba àti ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣe Panasonic parapọ̀ gbé èyí tí a ń pè ní SD kalẹ̀. Nígbà tí ó di 2005, a fi ọwọ́ sí microSD, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 15, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 11. Kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ.

BÍ Ó TI Ń ṢIṢẸ́

Kò sí ohun kan tí ń yí nínú káàdì yìí. Sílíkọ́nì pẹlẹbẹ ni ó wà níbẹ̀, tí a pín sí yàrá kéékèèké tí iye wọn tó bílíọ̀nù lọ́nà púpọ̀. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan ni a ń ti ìwọ̀n iná mànàmáná díẹ̀ mọ́, ìwọ̀n iná náà ni ó sì dúró bí àmì tí ẹ̀rọ ń kà. Ọ̀gbẹ́ni Fujio Masuoka, ará Japan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Toshiba, ni ó ṣe àwárí ọgbọ́n yìí láàárín 1980 sí 1989. Nítorí pé a ti iná náà mọ́, kì í lọ bí a bá tilẹ̀ yọ káàdì kúrò nínú ẹ̀rọ.

Ṣùgbọ́n ògiri yàrá náà a máa gbó díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń kọ tí a sì ń pa rẹ́, iná inú rẹ̀ a sì máa jò jáde bí ọdún ti ń gorí ọdún. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú káàdì tí ó dà bí akọ̀wé: òun ni ó mọ yàrá tí ohun kọ̀ọ̀kan wà. Bí akọ̀wé yìí bá bàjẹ́, ọ̀nà dé inú yàrá dí.

AYÉDÈRÚ

Ara akọ̀wé yìí ni àwọn oníjìbìtì ń gbà. Wọn a mú káàdì tí kò gbà ju gígábáìtì 8 lọ, wọn a kọ́ akọ̀wé inú rẹ̀ ní irọ́ pípa, wọn a sì tẹ 64 sí i lára. Fóònù a gba irọ́ náà gbọ́. Nígbà tí 8 bá kún, àwòrán tuntun a máa lé ti àtijọ́ jáde, tàbí kí òun gan-an ṣègbé, ẹ̀rọ kò sì ní sọ ohunkóhun. Ojúlùmọ̀ wa kan fi irú rẹ̀ ya àwòrán ìsìnkú ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó délé, orúkọ gbogbo àwòrán ni ó hàn, ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣí kò tó nǹkan.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Ẹni tí ó bá ra káàdì tuntun, kí ó kọ́kọ́ dán an wò kí ọjọ́ ayẹyẹ tó dé. Ètò kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní H2testw tàbí F3 a máa kọ nǹkan kún káàdì, a sì máa kà á padà láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni ìwọ̀n tí a tẹ̀ sí i lára.

Kí a wo àmì ara rẹ̀ pẹ̀lú. SDHC kì í gbà ju gígábáìtì 32 lọ. SDXC lè gbà tó téràbáìtì 2, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àtijọ́ púpọ̀ kò lè kà á.

Kí a má ṣe fa káàdì yọ nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan sínú rẹ̀. Kí a pa ẹ̀rọ ná.

Bí a bá ṣèèṣì pa àwòrán rẹ́, kí a má ṣe ya òmíràn mọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ rẹ̀ nìkan ni a yọ kúrò nínú ìwé. Àwòrán náà lè wà nínú yàrá rẹ̀ títí a ó fi kó òmíràn sí i. Kí a gbé káàdì náà tọ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà lọ.

Lékè gbogbo rẹ̀, kí a ṣe ẹ̀dà àwòrán sí ibi méjì ó kéré tán, bí kọ̀ǹpútà àti ibòmíràn, kí a tó pa ti inú káàdì rẹ́. Alárù ni mẹ́mórì káàdì. Bí ó bá ti gbé ẹrù dé ilé, kí a sọ ẹrù náà kalẹ̀ lórí rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an.