Sẹ̀mẹ̀: ẹnubodè tí ọjà Ìkẹjà ń gbà lọ sókè òkun tó sún mọ́ wa

Kì í ṣe gbogbo tírélà tó ń kẹ́rù jáde ní Ọba Akran, Ọ̀gbà àti Orégún ló ń lọ sí Ìbàdàn tàbí Kánò. Àwọn kan ń lọ sí Kútọnù, Lomé àti Accra. Tí wọ́n bá ti gba Ọ̀ṣòdì dé Mile 2, ọ̀nà Àgbádárìgì ló kù, ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, láàrin Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀, ló sì wà níparí rẹ̀.

Ibodè kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Láyé ìlú olódi, oníbodè a máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a máa gbowó lọ́wọ́ alájàpá, a sì máa fojú sí ẹni tó ń wọlé. Àmọ́ ààlà ti Sẹ̀mẹ̀ kì í ṣe ti ọba kankan. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní 1889 ló fà á: Kétu àti Àjàṣẹ́ wà lápá Faransé, Ìmẹ̀kọ àti Àgbádárìgì wà lápá Gẹ̀ẹ́sì.

Tí tírélà bá dé Sẹ̀mẹ̀, ejẹ́ǹtì ni yóò kó ìwé ẹrù lọ bá kọ́sítọ́ọ̀mù. Ìmígíréṣọ̀n yóò tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà awakọ̀ àti ọmọ ọkọ̀. Ìwé tó ṣe kókó jù ni ẹ̀rí pé ilẹ̀ ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ni wọ́n ti ṣe ọjà náà. Bí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ohun èlò rẹ̀ bá wá láti ilẹ̀ ECOWAS, tàbí tí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí i bá fi ó kéré tán ìdá ọgbọ̀n kún iye rẹ̀, kò yẹ kó san owó ibodè ní Bẹ̀nẹ̀, Tógò tàbí Gánà.

Ní October 23, 2018, Ààrẹ Muhammadu Buhari àti Ààrẹ Patrice Talon ti Bẹ̀nẹ̀ jọ ṣí ibùdó tuntun níbẹ̀, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbówó kalẹ̀ fún. Èrò wọn ni pé kí òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì wà lábẹ́ òrùlé kan, kí awakọ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò pé ọdún kan tí Nàìjíríà ti ẹnubodè náà pa.

Ojú ọjọ́ ló ń ti àwọn ẹnubodè mìíràn. Ní Great St Bernard, láàrin Switzerland àti Ítálì, ọ̀nà gun òkè tó ga ní mítà 2,469. Yìnyín ń dí i lọ́dọọdún láti nǹkan bí October títí di May tàbí June. Oníṣòwò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì ní ọ̀nà abẹ́ òkè tí wọ́n ṣí ní 1964 láti gbà. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ etí òkun ni Sẹ̀mẹ̀ ní tirẹ̀. Òjò kò tì í, ọyẹ́ kò tì í, àṣẹ ìjọba ló ń tì í.

Ìjọba ológun Buhari tì í ní April 1984, ó sì di 1986 kí wọ́n tó ṣí i. Ọbásanjọ́ ti ààlà Bẹ̀nẹ̀ ní August 2003 nítorí àwọn tó ń jí mọ́tò kó kọjá, fún ọjọ́ díẹ̀. Ní August 2019, ìrẹsì àti ohun ìjà tí wọ́n ń kó wọlé ni ìjọba fi ṣe ìdí. Ní October, ọ̀gá àgbà kọ́sítọ́ọ̀mù là á mọ́lẹ̀ pé ọjà kankan kò gbọdọ̀ wọlé, kò sì gbọdọ̀ jáde. December 2020 ni wọ́n tó ṣí Sẹ̀mẹ̀ padà pẹ̀lú ẹnubodè mẹ́ta mìíràn.

Onífàyàwọ́ mọ ọ̀nà inú igbó. Tírélà tí ìwé rẹ̀ pé kò lè gba inú igbó, nítorí náà òun ni títì náà ń mú ṣinṣin. Ilé iṣẹ́ tó ti ra ohun èlò, tó ti sanwó òṣìṣẹ́, tó sì ti bá oníbàárà Accra dájọ́, kò ní ọ̀nà mìíràn bí kò ṣe ọkọ̀ ojú omi.

Kò sẹ́ni tó ní kí ìjọba má ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kéde ọjọ́ tí wọn yóò tì í àti ọjọ́ tí wọn yóò ṣí i, kí wọ́n sì yọ ọjà tó ní ẹ̀rí ECOWAS sílẹ̀. Láìsí ìyẹn, ìwé lásán ni àdéhùn ìṣòwò ECOWAS yóò jẹ́ lójú oníléeṣẹ́ Ìkẹjà.