BÍ SERVER ṢE Ń GBÉ OJÚ-EWÉ YORÙBÁ FÚNNI TÍ ÀMÌ KÒ FI NÍ BÀJẸ́

Kamazou ní ìlú Kàdúná ni àwa tí a kọ àpilẹ̀kọ yìí dàgbà sí. Hausa ni a ń sọ lójú títì, Yorùbá ni àwọn òbí wa ń bá wa sọ nílé. Inú ìwé ni a ti mọ bí a ṣe ń kọ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àmì fi máa ń ká wa lára.

Ní ọdún 2022, nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì gùn lé ìyanṣẹ́lódì láti oṣù Èrèlé títí di oṣù Ọ̀wàrà, ilé ni a wà. Oṣù mẹ́jọ kì í ṣe ọjọ́ mẹ́jọ! A kó àwọn oríkì àti àpilẹ̀kọ àtijọ́ jọ, a tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí ó ti gbó, a sì fẹ́ kí àwọn ará àdúgbò lè fi fóònù kà wọ́n láìná owó dátà. Wi-Fi inú ilé ni yóò so fóònù wọn mọ́ ọn. Ohun tí ó kù ni server.

Server ni ètò tí ó jókòó sínú kọ̀ǹpútà, tí ó ń retí kí ẹnìkan béèrè ojú-ewé, kí ó sì gbé e fún un. Apache, tí ó jáde ní 1995, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nginx, tí Igor Sysoev ará Rọ́ṣíà gbé jáde ní 2004, ni àwa lò, nítorí pé kì í ni kọ̀ǹpútà arúgbó lára. Ojú-ewé tiwa kì í yí padà: bí a ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ ni server yóò ṣe gbé e lọ, bí ọmọ tí a fi lẹ́tà rán tí kò gbọdọ̀ ṣí i. Ohun tí a kọ fún un kò ju báyìí lọ:

server {
  listen 80;
  root /var/www/iwe;
  index index.html;
  charset utf-8;
}

Listen ni ẹnu ọ̀nà tí yóò ti máa gbọ́ni. Root ni fódà tí ìwé wà. Index ni ojú-ewé tí yóò gbé jáde bí àlejò kò bá dárúkọ èyí tí ó fẹ́.

A kò mọ èyí lọ́jọ́ kìíní. Abẹ́ /home ni a kọ́kọ́ kó ìwé sí, server sì ń dá wa lóhùn pé 403, èyí ni pé kò láṣẹ láti débẹ̀. Orúkọ www-data ni Nginx fi ń ṣiṣẹ́ lórí Ubuntu, àjèjì ni nínú fódà wa. A kó wọn lọ sí /var/www/iwe, a fún fódà ní àṣẹ 755, fáìlì ní 644, ó ṣí. Ni 404 bá dé: a sọ fáìlì ní Oriki.html, a sì kọ oriki.html sínú ìlà tí ó ń tọ́ka sí i. Lójú Linux, O ńlá àti o kékeré kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Èyí tí ó dùn wá jù kò ní nọ́ńbà. Ojú-ewé ṣí, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ ti di áº¹, gbogbo ṣ ti di á¹£. Ẹ wo àmì owó Òyìnbó nínú oríkì! Ìyá àgbà kan béèrè bóyá Lárúbáwá ni. A kò tíì kọ ìlà charset nígbà náà. Nínú UTF-8, tí Ken Thompson àti Rob Pike ṣe ní 1992, báìtì mẹ́ta ni ẹ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ bẹ́ẹ̀ fún fóònù, ó lè fojú bù ú pé ìlànà àtijọ́ ti àwọn ará Yúróòpù ni, níbi tí báìtì kan ti jẹ́ lẹ́tà kan, kí ó sì ka lẹ́tà wa kan sí mẹ́ta. A lè kọ ọ́ sínú ojú-ewé fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ ojú-ewé àti ti server bá ta kora, ti server ni fóònù ń gbà. Ìlà náà kì í tún fáìlì ṣe o. Bí a kò bá fi UTF-8 pa fáìlì mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, irọ́ ni server yóò máa pa.

A fi nginx -t yẹ̀ ẹ́ wò, a fi nginx -s reload ní kí ó tún ètò rẹ̀ kà. Ìyá àgbà tún un ṣí, ó kà á sókè, ó sì fi àmì ohùn kan hàn wá tí àwa fúnra wa kọ ní òdì. A tún un ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà kí iná tó lọ.